Íǹkì Orí Ìka Success

Ìlú Ọba,
Ọjọ́ keje, oṣù Kẹsàn-án, 2025.

Màmá mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú àìríra, ẹ kú wàhálà ọmọ. Mo kúnlẹ̀ kí yín. Success ti gúnlẹ̀ láyọ̀. Sístà Elizabeth ará Mopa tí ẹ fi í lé lọ́wọ́ ló fà á lé wa lọ́wọ́ ní pápákọ̀ òfurufú. Ó ní kò sunkún rárá, àfi ìgbà tí wọ́n gbé oúnjẹ wá nínú ọkọ̀ òfurufú tó sì rí i pé kì í ṣe iyán.

Màmá, ọmọ tí mo fi sílẹ̀ sí yín lọ́wọ́ nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń to ọ̀rọ̀ pọ̀, òun ló na ọwọ́ sí mi tó ní, "Okun o, màámi," bí àgbàlagbà Ìyárá. Mo sunkún níwájú gbogbo ènìyàn. Àtìgbà tó ti rí Juliet àbúrò rẹ̀ ni kò ti jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e mọ́. Ó ní ọmọ oṣù méje kì í ṣe ẹrù, òun á pọ̀n ọ́n.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bi yín. Nọ́ọ̀sì tó máa ń wá wo Juliet nílé rí Success, ó sì bi mí bóyá ó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, pàápàá ti èèyi tí ara ọmọ fi ń sú. Ó ní èèyi ti ń mú àwọn ọmọ ní apá ibí yìí. Ó ní ọ̀fẹ́ ni fún gbogbo ẹni tó bá wà nílẹ̀ yìí, ìbáà jẹ́ àlejò tó wá kí ará ilé rẹ̀, ìbáà jẹ́ ẹni tí ìwé rẹ̀ ti kú. Pé kí n ṣáà mú un wá sí kíníìkì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, ẹnikẹ́ni kò ní bi mí ní físà.

Etí kan ni mo fi gbọ́ ọ. Ẹ rántí John tí a jọ ń ṣiṣẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó? Ìyá rẹ̀ wá kí i lọ́dún tó kọjá, ó ṣubú, ó kán ní ìbàdí. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ bí ẹyin ní ọsibítù. Nígbà tí màmá ti padà sílé ni bíìlì dé, John sì ti di ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ méjì títí dòní. Físà àbẹ̀wò ni Success náà fi wọlé. Mi ò fẹ́ kí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ẹnikẹ́ni. Mo rẹ́rìn-ín sí nọ́ọ̀sì, mo ní ó ti gba gbogbo rẹ̀ nílé.

Ó ti gbà á, àbí? Mo mọ̀ yín, ẹ kì í fi ọ̀rọ̀ ọmọ ṣeré. Ẹ ṣáà kọ ọ́ sí mi kí ọkàn mi balẹ̀. Fóònù yín kò wọlé láti ọjọ́ yìí, Andrew àbúrò mi ní òpó nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ló bàjẹ́. Philip, ọkọ mi, dọ̀bálẹ̀ kí yín.

Èmi ni ọmọ yín,
Naomi.


Ìyárá,
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kẹsàn-án, 2025.

Naomi,

Okun o. Okun o, ìwọ àti ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Ìwé rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Andrew tẹ̀ ẹ́ jáde ní Kabba, ó fi rán awakọ̀. Èmi náà á kọ èsì, awakọ̀ á gbé e lọ, Andrew á yà á ní fọ́tò, á fi ránṣẹ́ sí ọ. Òpó tí o ń gbọ́ yẹn kò bàjẹ́ o, àwọn olè ló jí bátìrì rẹ̀. Fóònù mi ti di tọ́ọ̀ṣì báyìí.

Ilé dá wáí. Ẹ gba ọmọ lọ́wọ́ mi tán, ẹ wá ń kí mi kú wàhálà. Mo ṣì máa ń gún iyán tiẹ̀ mọ́ tèmi, n óò wá jókòó máa wò ó. Ìwọ tí o lọ fún ọdún mẹ́rin, o ò mọ ohun tó ń jẹ́ kí ọmọ dákẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ènìyàn. Mi ò bá ọ jà. Mo kàn sọ ọ́ kí o gbọ́ ni.

O wá bi mí bóyá ó gba àjẹsára. Naomi! Àgbà kì í wà lọ́jà, kí orí ọmọ tuntun wọ́. Kò sí ìgbà tí íǹkì kì í wà lórí ìka Success. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera oníkúlà tí wọ́n ń ti ilé dé ilé yẹn, tí wọ́n máa ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ nǹkan sára ilẹ̀kùn, ṣé wọn kì í wá ni? Wọ́n á wá lẹ́ẹ̀rùn, wọ́n á tún wá lójò. Bí àwọn ìyá mìíràn ṣe ń ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn ni èmi ń gbé ọmọ mi jáde. Íǹkì ti ìjẹta kò tíì parẹ́ tí wọ́n á tún fi tuntun kun èékánná rẹ̀. Ìyá Rhoda, aya ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, tiẹ̀ máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní ọmọ mi ń lé làálì ìjọba. Sọ fún nọ́ọ̀sì rẹ pé bí àjẹsára bá jẹ́ oúnjẹ, Success ti yó.

Ohun kan péré ni mo fẹ́ kí o rántí: má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n gún un. O mọ ohun tí abẹ́rẹ́ fi ojú wa rí. Andrew tó ń sáré kiri àgbàlá, ibà lásán ló ṣe é, oníkẹ́míìsì gún un ní ìdí, ó sì di ẹni tó ń wọ́ ẹsẹ̀ títí dòní olónìí. Àwọn òyìnbó kò mọ ohun tí a rí. Bí wọ́n bá ní ọ̀fẹ́ ni, dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kí o sì máa lọ.

Ọyẹ́ ń bọ̀ lọ́nà. Fi ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn ránṣẹ́ sí mi, àti fọ́tò Juliet, èyí tí ojú rẹ̀ hàn dáadáa. Èyí tí o kọ́kọ́ fi ránṣẹ́, fìlà ni mo rí.

Ìyá rẹ,
Rebecca.


Ìlú Ọba,
Ọgbọ̀njọ́, oṣù Kẹsàn-án, 2025.

Màmá mi,

Ẹ ṣeun. Ìwé yín pa mí lẹ́rìn-ín, mo kà á fún Philip, òun náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mo bi Success, ó na ìka rẹ̀ sí mi, ó ní, "Ibí yìí ni wọ́n máa ń kùn, màámi, ó sì máa ń dùn." Mi ò mọ bí íǹkì ṣe ń dùn, mo kàn fi rẹ́rìn-ín.

Nọ́ọ̀sì tún padà wá. Mo sọ fún un pé ọmọ mi gbà á ju ọmọ òyìnbó lọ. Ó ní inú òun dùn, ṣùgbọ́n èwo ni ó gbà gan-an? Ìbéèrè náà bí mi nínú, Màmá. Mo ní ṣé torí pé a ti ibòmíràn wá ni wọ́n ṣe rò pé a kì í tọ́jú ọmọ? Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó bẹ̀ mí, ó ní òun kò ní i lọ́kàn bẹ́ẹ̀, pé bí kò bá dá mi lójú, kò léwu kí ọmọ tún un gbà, ilẹ̀kùn kíníìkì sì ń bẹ ní ṣíṣí. Ó lọ. Ojú tì mí díẹ̀ lẹ́yìn náà, torí obìnrin jẹ́jẹ́ ni.

Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Lọ́jọ́ Ìsinmi, Praise, ọmọbìnrin kékeré kan tó máa ń jókòó ti Success ní kíláàsì ọmọdé, ń wúkọ́, ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Àná ni ìyá rẹ̀ pè wá pé ara rẹ̀ ti sú láti ojú dé àtẹ́lẹsẹ̀. Èèyi ni. Wọ́n ti ti kíláàsì ọmọdé. Àwọn ìyá tó kù ń sáré gbé ọmọ lọ sí kíníìkì. Èmi kò sáré. Mo ní Ìyárá ti bá mi ṣe é.

Juliet nìkan ni mo ń rò. Nọ́ọ̀sì ní tiẹ̀ di ìgbà tó bá pé ọmọ ọdún kan. Ṣùgbọ́n ta ló máa kó o ràn án, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí wọ́n jọ ń sùn ti gbà á?

Ẹ bá mi dáhùn kan ṣoṣo, kí n lè fi pa nọ́ọ̀sì lẹ́nu mọ́: apá wo ni wọ́n gún ọmọ náà sí? Ó ní èèyi kì í ṣe ti ẹnu, apá tàbí itan ni. Mo ti rántí pé ẹ ò fẹ́ abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹ ó ti gbà fún èyí. Ẹ tètè fèsì.

Naomi yín.


Ìyárá,
Ọjọ́ kẹfà, oṣù Kẹwàá, 2025.

Naomi,

Okun o. Mo kọ ìwé yìí, ṣùgbọ́n mi ò mọ ọjọ́ tí yóò kúrò nílẹ̀. Àwọn ajínigbé dá ọkọ̀ dúró lọ́nà Kabba níjẹta, àwọn awakọ̀ wa ti gbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Kò sí ẹni tó ń lọ, kò sí ẹni tó ń bọ̀. Oko tó wà lẹ́yìn odò náà, a ti fi sílẹ̀ fún ọ̀yà. Iṣu tí mo wà jáde kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ó funfun, ó sì ń fà.

Ìbéèrè rẹ pa mí lẹ́rìn-ín. Apá wo? Kò sí apá kankan! Ẹnu ni. Wọ́n á ní kí ó la ẹnu, wọ́n á kán omi náà sí i, á lá ètè, á tún fẹ́ gbà sí i. Ìdí nìyẹn tó fi sọ fún ọ pé ó ń dùn. Tí ó bá ti gbé e mì ni wọ́n á kun ìka rẹ̀.

Ti abẹ́rẹ́ ńkọ́? Wọ́n mú un wá. Wọ́n na tẹ́ǹtì sí ọgbà ilé ìwé, wọ́n ń fi gbohùngbohùn pariwo pé kí gbogbo ìyá kó ọmọ wá. Mo mú Success, a lọ sí oko, a sun iṣu jẹ, a ò padà títí wọ́n fi ká tẹ́ǹtì wọn. Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá. Kí ni mo fẹ́ fi abẹ́rẹ́ ṣe nígbà tó ti gba ti ẹnu láìmọye ìgbà? Oògùn tí ènìyàn gbé mì, ṣé kì í dé gbogbo ara ni?

Nítorí náà, sọ fún nọ́ọ̀sì rẹ pé ti ẹnu ni, ó sì pọ̀. Mo bá ìyá Praise kẹ́dùn. Fún un ní ohun tó máa tù ú lára bí o bá ní. Kí o sì má gbàgbé fọ́tò Juliet. Ṣé eyín ti ń yọ lẹ́nu rẹ̀? Ìwọ, kíákíá ni tìrẹ yọ, o sì fi gé mi lọ́mú.

Ìyá rẹ,
Rebecca.


Ìlú Ọba,
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Kẹwàá, 2025.

Màmá,

Òní ni Andrew rí ìwé yín gbà. Òní ni mo kà á.

Omi tí wọ́n ń kán sẹ́nu yẹn, ti àrùn rọpárọsẹ̀ ni. Rọpárọsẹ̀ nìkan, Màmá. Bó gbà á nígbà ọgọ́rùn-ún, rọpárọsẹ̀ náà ni. Kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú èèyi.

Ara Success ti ń gbóná láti ọjọ́bọ̀. Imú rẹ̀ ń ṣe omi, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ń fi ọwọ́ bo ìmọ́lẹ̀. Mo ní òtútù ìlú yìí ni, ara rẹ̀ kò tíì mọ́ ọn. Mo fún un ní parasitámọ̀, mo tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Juliet kí wọ́n lè fi ara wọn móoru. Èmi ni mo tẹ́ ẹ síbẹ̀. Ìgbà tí mo ka ìwé yín tán ni mo ṣí aṣọ rẹ̀ wò. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í sú lẹ́yìn etí, ó ti sọ̀ kalẹ̀ sí ọrùn.

Inú ń bí mi sí yín. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Inú ń bí mi sí ara mi ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí mo ń kọjá níwájú kíníìkì yẹn lójoojúmọ́, ìwé láti Ìyárá ni mo jókòó dè.

Philip ti pe ọkọ̀. À ń lọ.

Naomi.


Ìyárá,
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kẹwàá, 2025.

Naomi ọmọ mi,

Mo ka ìwé rẹ. Ilẹ̀ ni mo jókòó sí tí mo fi ń kọ èyí.

Mi ò mọ̀. Ọlọ́run gbọ́, mi ò mọ̀. Wọ́n á dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n á ní, "Màmá, ẹ gbé ọmọ wá." Mo gbé e wá. Wọ́n á kán an, wọ́n á kùn ún, wọ́n á sáré lọ sílé kejì. Ẹnikẹ́ni kò jókòó sọ fún mi pé eléyìí yàtọ̀ sí tọ̀hún. Mo rò pé ọ̀kan ni gbogbo wọn. Mo rò pé èmi gbọ́n ju àwọn tó ń tilẹ̀kùn lọ.

Má pe àìsàn yẹn ní orúkọ níwájú ọmọ. Má din nǹkan kan nínú ilé. Má fi omi tútù wẹ̀ ẹ́. Ẹmu ọ̀pẹ tí kò tíì kan ni a fi ń pa á lára níbí, kí ó lè sú jáde tán. Ṣùgbọ́n níbo lo ti máa rí ẹmu lọ́hùn-ún? Fi gbogbo ohun tí mo sọ yìí sílẹ̀. Àwọn oníṣègùn ni kí o gbọ́ tiwọn. Bí wọ́n bá fẹ́ gún un, kí wọ́n gún un. Di ọwọ́ rẹ̀ mú, kí o sì sọ ìtàn ewúrẹ́ Ìyá Rhoda fún un, èyí tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì nígbà ìwàásù. Bó bá ti gbọ́ ọ, kì í sunkún.

Juliet ńkọ́? O kọ ìwé, o ò sọ ti Juliet. A lè fẹ́ràn ọmọ láìrí i rí, Naomi. Sọ ti Juliet fún mi.

Ìyá rẹ.


Ìlú Ọba,
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù Kẹwàá, 2025.

Màmá mi,

Ọsibítù ni mo wà tí mo fi ń tẹ èyí. Àwọn méjèèjì ló wà níbí. Ti Success ti wọ àyà, wọ́n fi ẹ̀rọ sí imú rẹ̀ kó lè mí. Ara Juliet sú ní àná. Yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n wà. Philip ń ṣọ́ ọ̀kan, èmi ń ṣọ́ èkejì, a ó pààrọ̀, a kì í bá ara wa sọ̀rọ̀ bí a bá pàdé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Dókítà ní oògùn kan wà tí wọ́n lè fún ọmọ ọwọ́ kí èèyi má fi gbogbo agbára mú un, bí wọ́n bá tètè mọ̀ pé ó ti sún mọ́ ẹni tó ní in. Ó bi mí ìgbà tí ara Success kọ́kọ́ gbóná. Mo sọ fún un. Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Bí a bá ń sunkún, à máa ríran, Màmá, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí. Ẹnikẹ́ni kò bi mí ní físà Success. Orúkọ àti ọjọ́ ìbí ni wọ́n bèèrè. Mo fi ẹnu ara mi bèèrè bíìlì. Obìnrin tó wà nídìí tábìlì ní èèyi wà lára àwọn àìsàn tí wọn kì í gba owó ìtọ́jú rẹ̀ lọ́wọ́ àlejò, abẹ́rẹ́ rẹ̀ náà sì jẹ́ ọ̀fẹ́, kí ni mo ń bẹ̀rù? Mo ní mi ò mọ̀. Mo sá fún ohun tí kò lé mi, mo sì fi ọmọ dí ojú ọ̀nà.

Mo sọ ìtàn ewúrẹ́ fún Success. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ikọ́ dá a dúró. Ó ń pe Ìyá Àgbà. Ẹ má kọ ohun kankan sí mi nípa ẹ̀bi, mi ò lágbára rẹ̀ báyìí. Ẹ gbàdúrà. Mo máa kọ̀wé lọ́jọ́ Ẹtì.

Naomi.


Ìyárá,
Ọgbọ̀njọ́, oṣù Kẹwàá, 2025.

Naomi,

Ọjọ́ Ẹtì ti kọjá. Àwọn awakọ̀ ti ń ná ọ̀nà Kabba padà, mo ń lọ sí ibùdókọ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Wọ́n ti mọ̀ mí, bí wọ́n bá ti rí mi lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n á mi orí. Mo ránṣẹ́ sí Andrew, ó ní òun náà kò gbọ́. Ọ̀rọ̀ tó fi rán awakọ̀ sí mi kò tẹ́ mi lọ́rùn.

Bí inú bá ṣì ń bí ọ sí mi, kọ ọ́. Bú mi, mo lè gbà á. Ìdákẹ́ yìí ni mi ò lè gbà. Kọ ìlà kan péré. Kọ "Wọ́n wà," kí o má fi nǹkan kan sí i.

Ìyá rẹ.


Ìyárá,
Ọjọ́ kejì, oṣù Kọkànlá, 2025.

Naomi,

Andrew dé láti Kabba láàárọ̀ yìí. Kò dá wá. Pásítọ̀ ìjọ wa wà pẹ̀lú rẹ̀, àti ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, àti ìyàwó rẹ̀, Ìyá Rhoda, àti obìnrin méjì nínú ẹgbẹ́ ìyá ìjọ. Aṣọ wọn kì í ṣe aṣọ tí wọ́n ń wọ̀ wá kí ènìyàn.

Mo kí wọn. Mo ní, "Okun o, kí ló dé tí ẹ pọ̀ báyìí?" Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ ní, "Okun, Rebecca. A kàn ní ká yà kí ọ ni." Ta ní máa ń yà kí ènìyàn lójú ọ̀nà burúkú yìí? Mo fẹ́ bu omi fún wọn, wọ́n ní kí n má ṣe wàhálà. Pásítọ̀ bi mí bóyá mo ti jẹun, ó ní kí n kọ́kọ́ jẹun. Ìyá Rhoda ti wọ ilé ìdáná mi, mo ń gbọ́ bó ṣe ń kó ọ̀bẹ jáde. Andrew kò wo ojú mi.

Èmi náà ti bá wọn lọ sí ilé onílé bẹ́ẹ̀ rí, Naomi. Èmi náà ti sọ fún ìyá ọlọ́mọ pé kó kọ́kọ́ jẹun.

Mo sọ fún wọn pé mo fẹ́ wọlé mú gèlè. Inú yàrá ni mo wà. Mo mọ̀ pé ìwé yìí kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ kí wọ́n tó sọ ọ́ fún mi. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí mo bá ṣì ń kọ̀wé, wọn ò tíì sọ ọ́.

Nígbà tí mo rí wọn lẹ́nu ọ̀nà, ọkàn mi sáré mú ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, ó ní kó má ṣe jẹ́ ọmọ yẹn. Kí Ọlọ́run darí rẹ̀ jì mí. Mi ò ní kọ orúkọ èyí tó mú, láyé mi mi ò ní sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Wọ́n ti pè mí lẹ́ẹ̀kejì. Mo dáhùn pé mò ń bọ̀, n kò sì tíì dìde.

Èwo nínú wọn ni, Naomi?